Kílò Mẹ́rìnléláàádọ́rin

Ọkọ̀ náà fi kílò mẹ́rìnléláàádọ́rin wúwo ju bí ó ti yẹ lọ, kò sì sí ẹni tí ọ̀ràn náà lè dùn tó Fọlákẹ́ Adégbóyè, nítorí pé òun gan-an ni ó kọ́ gbogbo awakọ̀ Ore pé òṣùwọ̀n kì í mọ ojú ẹnikẹ́ni.

Ọdún mẹ́rìnlá ni ó fi jókòó sẹ́yìn fèrèsé kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń fún àdín. Iwájú fèrèsé náà ni wọ́n tẹ́ irin pẹrẹsẹ kan sí, tí ọkọ̀ akẹ́rù máa ń gùn kí nọ́ńbà pupa tó tàn lójú ẹ̀rọ. Bí nọ́ńbà bá bá ìwé ẹrù mu, ọkọ̀ a wọlé. Bí kò bá bá a mu, awakọ̀ ìbáà sunkún, ìbáà dọ̀bálẹ̀, ìbáà pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù kí ó wá bá a bẹ̀bẹ̀, Fọlákẹ́ a kàn tún awò ojú rẹ̀ ṣe, a ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan wà lẹ́yìn yín." Òun ni ó kọ òfin tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri níbẹ̀ pé ìyàtọ̀ kò gbọdọ̀ ju ogún kílò lọ, pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ni a ó kìlọ̀ fún ọkọ̀ tuntun, pé bí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọkọ̀ náà kò ní wọ ọgbà mọ́ láéláé. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ní kí ó yọ "láéláé" kúrò. Ó kọ̀.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ó wò ó pé òun ti wọn ẹrù ẹlẹ́rù tó. Ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó fa àga rẹ̀ lé Karimat lọ́wọ́, ọmọbìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́, ó lọ kọ́ bí a ti ń wa ọkọ̀ ńlá fún oṣù mẹ́jọ, ó sì ra lọ́rì onítáyà mẹ́fà kan lọ́wọ́ opó Sàlíhù, awakọ̀ kan tí ó kú nírọ̀rùn sórí ibùsùn ara rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ náà ni ó fún un ní iṣẹ́ àkọ́kọ́: ẹrù mẹ́ta láti fi dán an wò. Bí òfin ìkìlọ̀ kò bá lé e lọ, òun ni yóò máa kó èkùrọ́ wá fún wọn láti Ago Alaye fún odidi ọdún kan. Bí ó bá lé e lọ, kò sí ohun tó kù fún obìnrin kan tó ní lọ́rì kan ṣoṣo ju kí ó lọ di ọmọọ̀ṣẹ́ oníṣòwò kan lọ. Fọlákẹ́ sì ti búra fún ara rẹ̀ pé òun kò ní jókòó sábẹ́ aago ẹlòmíràn mọ́.

Ẹrù kìíní, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ni ó fi kílò mẹ́rìnléláàádọ́rin lé.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Karimat wí láti ẹ̀yìn fèrèsé, pẹ̀lú ohùn ẹni tí ń kéde òkú, "ó lé."

"Tún un wọ̀n."

"Mo ti tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ṣé o dá a padà sí òdo kí n tó gùn ún?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Fọlákẹ́ sọ̀kalẹ̀. Nọ́ńbà náà fi mẹ́tàlélọ́gọ́ta dínkù, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ara tirẹ̀ gẹ́lẹ́, tí ìwé ẹrù ti kà mọ́ ọn. Mẹ́rìnléláàádọ́rin yòókù kò mira. Ó wo ẹ̀yìn ìjókòó. Ó tú àpótí irinṣẹ́. Ó rá wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ nítorí ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ Ẹtì tí ó ra ọkọ̀ yìí, bí àwọn èèyàn ti ń kírun Jímọ̀ lọ́wọ́, ó ti wọ̀n ọ́n lófìfo lórí irin kan náà, ó sì pé géérégé. Kò sí ohun àjèjì kankan nínú rẹ̀ báyìí, àfi òórùn orógbó tó rọra ń jáde láti apá ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ Fọlákẹ́ kì í jẹ orógbó.

Láti ẹ̀yìn ìlà, awakọ̀ kan tí Fọlákẹ́ ti lé padà rí yọ orí lójú fèrèsé ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ohùn tín-ín-rín kígbe: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan wà lẹ́yìn yín!" Gbogbo àwọn awakọ̀ tó tò síbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi ṣèèṣì tẹ fèrè ọkọ̀.

Karimat gba ẹrù náà, ó sì tẹ òǹtẹ̀ ìkìlọ̀ kìíní sí ìwé rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ń fọwọ́ kan ojú egbò.

Fọlákẹ́ kì í ṣe ẹni tí í sáré gbé ohun tí kò yé e lé orí ohun tí a kò rí. Ẹrẹ̀ ni, ó ní; tàbí omi ló mu pákó ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó fi ọjọ́ méjì fọ lọ́rì náà, ó fi ọ̀bẹ ha abẹ́ rẹ̀, ó sì wọn ẹrẹ̀ tó ha kúrò. Kílò mẹ́fà. Ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó fi ojú ara rẹ̀ wo bí wọ́n ti wọn àpò èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan ní Ago Alaye. Nígbà tí wọ́n dì í tán, ebi ń pa á, ó sì yà sí búkà Elizabeth lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Elizabeth jẹ́ obìnrin onírọ̀rùn kan tí ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ń sùn nítòsí. Ó gbé àwo púpurù méjì kalẹ̀ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó ń yọ èéfín.

"Ẹyọ kan ni mo ní kí ẹ bù, Màmá."

"Tìrẹ nìyẹn. Èyí, ti ẹni tó wà nínú ọkọ̀ ni."

"Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Èmi nìkan ni mò ń wà á."

Elizabeth wo lọ́rì náà fún ìgbà díẹ̀, ó wo Fọlákẹ́, ohùn rẹ̀ sì tún rẹlẹ̀ sí i. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kì í fẹ́ kó tutù."

Ó gbé àwo náà, ó nà án gba ojú fèrèsé apá ọ̀tún, ó sì padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Nígbà tí Fọlákẹ́ jẹun tán tí ó padà sínú ọkọ̀, àwo ti mọ́ féfé, ó sì dojú délẹ̀ lórí ìjókòó. Ó ní ewúrẹ́ ni. Ó ń bá ọ̀nà lọ, ó ń sọ ọ́ fún ara rẹ̀ pé ewúrẹ́ Ago Alaye kò ní ibi tí wọn kò lè dé. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ore kí ó tó bọ́ sí i lọ́kàn pé ewúrẹ́ kì í da àwo délẹ̀ bí ó bá jẹun tán.

Kílò márùndínlọ́gọ́rin ni ó fi lé lọ́tẹ̀ yìí.

"Ó fi ẹyọ kan kún un," ni Karimat wí. Ó na ọwọ́ sí òǹtẹ̀, ṣùgbọ́n ìpè ìrun Jímọ̀ dún láti mọ́ṣáláṣí òdìkejì títì, ó sì fa ọwọ́ padà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n lọ kírun ná. Bí mo bá dé, a ó tún un wọ̀n kí n tó tẹ ohunkóhun." Ó ti òǹtẹ̀ mọ́ inú àpótí, ó fi ìbòrí sórí, ó sì lọ. Ọkọ̀ wà lórí irin, iná ẹ̀rọ ń tàn, Fọlákẹ́ sì dúró nínú oòrùn ọ̀sán.

Kò pẹ́ tí ó fi gbọ́ ìró omi. Ìró kékeré ni, bí ẹni tí ń da omi sí àtẹ́lẹwọ́, tí ó ń dá a dúró, tí ó tún ń dà á. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ náà mí. Apá ọ̀tún rẹ̀ gbéra sókè díẹ̀, bí ibùsùn tí ẹni tó sanra dìde lórí rẹ̀, nọ́ńbà pupa sì já wálẹ̀. Fọlákẹ́ sáré wò ó: kò lé, kò dín. Bí a bá fi ìwọ̀n ara tirẹ̀ tó wà nílẹ̀ kún un, ó bá ìwé mu dé orí kílò kan.

Ó sáré yí lọ sí apá ọ̀tún. Kẹ́ẹ̀gì omi tí ó máa ń gbé sẹ́yìn ìjókòó wà nílẹ̀, ó ti dín sí ìdajì. Ojú ẹsẹ̀ tútù kan wà lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀. Òmíràn wà lórí sìmẹ́ńtì. Méjì sí i tẹ̀lé e, gbogbo wọn dojú kọ mọ́ṣáláṣí. Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka wọn ọ̀kan nínú wọn kí oòrùn tó gbé e. Ẹni tó ni ín kò ní wọ bàtà tó kéré sí nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì.

Èyí tó burú jù nínú ọ̀ràn náà ni pé kò sí ẹni tí yóò tẹ òǹtẹ̀. Ó yọ fóònù, ó ya nọ́ńbà náà láwòrán, kí ó tó rántí òfin kẹsàn-án pé a kì í gba àwòrán. Òun ló kọ ọ́. Ó dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, ó ń wo ìwọ̀n tó pé, bí ẹni tí ń wo oúnjẹ nínú gíláàsì. Bí àwọn èrò mọ́ṣáláṣí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde, tí ìbòrí Karimat ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ní òdìkejì títì, apá ọ̀tún ọkọ̀ náà rọra rì wálẹ̀. Òórùn orógbó fẹ́ sí i nímú. Márùndínlọ́gọ́rin.

Karimat tẹ òǹtẹ̀ ìkìlọ̀ kejì.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ó mú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ bá Alájì Rìlwánù ní gáréèjì àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù. Alájì ni alága wọn. Ó ti wa ọkọ̀ fún ogójì ọdún, ó sì ti fẹ̀yìn tì débi pé ẹsẹ̀ àga rẹ̀ ti gbẹ́ ihò mẹ́rin sílẹ̀. Fọlákẹ́ ka gbogbo rẹ̀ fún un: ọjọ́, wákàtí, kílò. Nígbà tí ó dé orí ìṣẹ́jú méjìdínlógójì, Alájì bú sẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Sàlíhù ń kírun! Ọlọ́hun tóbi! Nígbà tó wà láyé, fífà la máa ń fà á lọ."

"Alájì, ìdáhùn ni mo wá gbà."

"Ìdáhùn rẹ ti pé oṣù méjì. Lọ́jọ́ tí o ra ọkọ̀, kí ni mo sọ fún ọ lórí ilẹ̀ yìí?"

Fọlákẹ́ wo bàtà rẹ̀. Ó rántí dáadáa. Àṣà gáréèjì yìí ni pé bí lọ́rì bá fẹ́ bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ yóò gun àga awakọ̀ lójú gbogbo èèyàn, yóò pa ẹ́ńjìnnì, yóò sọ̀kalẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ gbá ara ọkọ̀ pé, "Mo ti sọ̀kalẹ̀ o." Ìgbà náà ni ẹni tuntun tó lè gùn ún. Bí olówó ọkọ̀ bá ti kú, ẹnì kan láti ilé rẹ̀ ni yóò ṣí ilẹ̀kùn, tí yóò pè é nígbà mẹ́ta kí ó máa bọ̀ nílé. Alájì àti opó náà ti ní kí Fọlákẹ́ dúró ṣe é. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni.

"Mo ní ìwé ti tó," ni ó wí pẹ̀lú ohùn kékeré.

"O wo aago ọwọ́ rẹ. O ní ìwé ìyípadà orúkọ ti jáde, pé ìjọba ti mọ̀." Alájì nu ojú rẹ̀. "Òótọ́ ni, ìjọba mọ̀. Ta ló sọ fún Sàlíhù?"

Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Fọlákẹ́ wa lọ́rì náà lọ sí àgbàlá Sàádátù, opó Sàlíhù, lẹ́yìn ọjà Ore. Alájì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Sàádátù jẹ́ obìnrin pẹ̀lẹ́. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó ṣí ilẹ̀kùn apá ọ̀tún, ó sì fi ohùn tí a fi ń jí ẹni tó rẹ̀ pe ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Ùsmọ́n. Ẹ sọ̀kalẹ̀, a ti délé."

Kò sí ohun tó mira.

"Bàbá Ùsmọ́n. Ẹ máa bọ̀ nílé o. Ó ti tó."

Irin abẹ́ ọkọ̀ dún. Apá ọ̀tún náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí àgbàlagbà bá ń wá ilẹ̀ tí yóò fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Adìyẹ tó ń jẹ̀ ní ìdí ọkọ̀ yà kúrò lọ́nà fún ohun kan. Ìpè kan ṣoṣo ló kù. Bí Fọlákẹ́ bá ti pa ẹnu mọ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ọdún mẹ́rìnlá kọ nǹkan sílẹ̀ kì í fẹ́ kí àkọsílẹ̀ lábùkù.

"Màmá, ẹ wò ó, ó ń fúyẹ́!" ni ó wí, tayọ̀tayọ̀. "Bó ti ṣe lọ́jọ́ Ẹtì gan-an nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wúwo sí i, ní Ago Alaye, lẹ́yìn tí Elizabeth gbé oúnjẹ fún un."

Alájì Rìlwánù fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú rẹ̀.

"Ta ni Elizabeth?" ni Sàádátù béèrè.

"Ó ń ta púpurù," ni Fọlákẹ́ fèsì, nítorí pé òótọ́ ni. "Ó ní wọn kì í fẹ́ kó tutù."

Sàádátù yí padà sí ọkọ̀ náà. "Ọdún mọ́kànlá! Ọdún mọ́kànlá lẹ fi ń sọ fún mi pé táyà ló ń jò ní Ago Alaye! Mo ń se ọbẹ̀, mò ń gbé e kaná, mò ń sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ó wọlé, ẹ ó ní inú yín kún. Ìlérí yín dà bí ọ̀dà Agbabu: a ń gbọ́ pé ó wà nílẹ̀, a ò rí i lò rí! Sàlíhù! Sọ̀kalẹ̀ wá! Sọ̀kalẹ̀ kí o wá ṣàlàyé púpurù fún mi!"

Ọkọ̀ náà rì padà sílẹ̀ gbì. Ilẹ̀kùn apá ọ̀tún pa dé. Lójú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bọ́tìnì rẹ̀ wọlé fúnra rẹ̀ láti inú: kọ́.

"Màmá," ni Fọlákẹ́ bẹ̀ ẹ́, "bóyá kí ẹ fi ohùn tútù pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta."

"Mo ti fi ohùn tútù pè wọ́n tó láyé wọn," ni Sàádátù dáhùn, ó sì wọlé lọ.

Alájì mí kanlẹ̀. "Ọmọ mi, ọkùnrin wo ni yóò sọ̀kalẹ̀ sínú irú èyí?"

Lọ́jọ́ Ajé, Fọlákẹ́ di ẹrù kẹta. Ó ti pinnu pé òun kò ní dúró ní búkà Elizabeth. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kú níwájú búkà náà, kò sì jí títí àwo fi wọlé tí àwo sì jáde. Ní Ore, ọkọ̀ mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tẹ́ ìwé ẹrù lé orí itan, ó sì ń wò ó bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé ìdánwò láìkàwé. Òun ló ṣe ìwé náà. Òun ló fi ìlà keje sí i, ní ọdún tí awakọ̀ kan gbé àbúrò ìyàwó rẹ̀ pamọ́ sáàárín àpò: "Òṣìṣẹ́ mìíràn tó wà nínú ọkọ̀: orúkọ, iṣẹ́, ìwọ̀n, ìfọwọ́sí." Ìwọ̀n ẹni tí a bá kọ síbẹ̀ kì í ṣe ìyàtọ̀ mọ́. Ara ìṣirò ni.

Ó mú bírò. Ó kọ orúkọ: Sàlíhù. Ó kọ ìwọ̀n: kílò márùndínlọ́gọ́rin, lẹ́yìn oúnjẹ. Nígbà tí ó dé orí iṣẹ́, bírò rẹ̀ dúró. Kò lè kọ "èrò", nítorí pé òfin kò gba èrò láàyè nínú ọgbà. "Olóògbé" kì í ṣe iṣẹ́. Ó ronú títí ọkọ̀ iwájú rẹ̀ fi wọlé, ó sì kọ ọ́ pé: awakọ̀ kejì.

Karimat kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ̀gbọ́n, ta ni Sàlíhù?"

"Awakọ̀ kejì mi."

"Ṣé kì í ṣe èyí tó kú?"

"Ǹjẹ́ òfin kan wà lára ògiri yẹn tó ní awakọ̀ kejì gbọ́dọ̀ wà láàyè?"

Karimat yíjú sí ògiri, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Kò rí i.

"Òun nìyẹn lórí òṣùwọ̀n," ni Fọlákẹ́ tẹnu mọ́ ọn. "Tàbí ìwọ ní òmíràn tí o lè pe kílò márùndínlọ́gọ́rin yẹn?"

"Kò burú," ni Karimat wí. "Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí rẹ̀ dà? Ẹ̀yin lẹ ní láìsí ìfọwọ́sí, kò sí ìwé."

Fọlákẹ́ gbé ìwé náà lé ìjókòó apá ọ̀tún, ó gbé bírò lé e, ó sì ti ilẹ̀kùn. Òun àti Karimat kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ náà bí àwọn tí ń dúró de ẹni tí ń pààrọ̀ aṣọ. Ẹyẹ kan dún lórí òrùlé. Wọ́n gbọ́ bírò tó ń ha ìwé. Wọ́n gbọ́ ọ tí ó dúró, bí ẹni pé ẹnì kan ń ka ohun tó wà níbẹ̀ látòkè. Lẹ́yìn náà ni ó tún ha. Nígbà tí Fọlákẹ́ ṣí ilẹ̀kùn, ìfọwọ́sí gbọọrọ kan wà lórí ìlà keje, ọwọ́ ìkọ̀wé ẹni tó lọ ilé kéwú kí ó tó lọ ilé ìwé. Ẹni náà sì ti fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí abẹ́ ọ̀rọ̀ náà, "awakọ̀".

Karimat wo ìwé, ó wo ẹ̀rọ, ó wo ọ̀run. Ó tẹ òǹtẹ̀.

Kí ọ̀sán tó rọ̀, wọ́n ti fún Fọlákẹ́ ní ìwé àdéhùn: lọ́rì kan, awakọ̀ méjì, ọdún kan. Ó gbé e lọ han Alájì Rìlwánù ní gáréèjì. Alájì kà á, ó yọ awò ojú, ó tún un wọ̀, ó sì tún un kà.

"A ní kí o sọ fún òkú kó sọ̀kalẹ̀," ni ó wí nígbẹ̀yìn, "ìwọ gbà á síṣẹ́."

Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín. "Alájì, kò gba owó oṣù. Àwo púpurù kan péré ni."

"Gbọ́ mi, ọmọ mi." Alájì kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Èmi àti Sàlíhù jọ wà lójú pópó fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kò jókòó lápá ọ̀tún ẹnikẹ́ni rí ju ọ̀sẹ̀ kan lọ."

Fọlákẹ́ ti lọ́rì náà mọ́ gáréèjì, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpò, ó sì lọ sùn bí olówó ọkọ̀.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó dé gáréèjì, ààyè ọkọ̀ rẹ̀ sì ṣófo. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò rẹ̀. Ó dì í mú títí eyín irin náà fi wọ̀ ọ́ ní àtẹ́lẹwọ́. Kí ó tó lè pariwo olè, fóònù rẹ̀ dún. Karimat ni.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ń sọ̀rọ̀ sínú ọwọ́ rẹ̀, "níbo lẹ wà?"

"Mo wà ní gáréèjì. Wọ́n ti jí ọkọ̀ mi gbé."

"Ọkọ̀ yín wà lórí irin níwájú mi. Ẹrù èkùrọ́ Ago Alaye kún inú rẹ̀. Ìwé ẹrù wà lórí ìjókòó, wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀."

"Kà á."

"Awakọ̀: Sàlíhù. Kílò mẹ́rìnléláàádọ́rin, kò tíì jẹun." Ìwé ń dún lọ́wọ́ Karimat. "Awakọ̀ kejì: Fọlákẹ́ Adégbóyè. Kílò mẹ́tàlélọ́gọ́ta."

"Ìwọ̀n yẹn kò lè pé. Èmi kò sí níbẹ̀. Yóò fi mẹ́tàlélọ́gọ́ta dín."

"Ohun tí èmi náà rò nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n, kò dín. Mo ti tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pé." Fèrè àwọn ọkọ̀ mìíràn ti ń dún lẹ́yìn rẹ̀. "Mi ò rí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n yín wà níbí. Kí ni kí n ṣe?"

Fọlákẹ́ dúró lórí ilẹ̀ gáréèjì tó gbẹ, ó ń wo àyè tó ṣófo náà. Ọjọ́ kìíní ọdún tí ó fi gbogbo ayé rẹ̀ rà nìyí. Bí ó bá ní kí wọ́n lé ọkọ̀ náà padà, àdéhùn ti bọ́ nìyẹn. Bí ó bá sì ní kí wọ́n gbà á, ó ti gbà pé ibẹ̀ ni òun wà. Ó wá òfin tí òun lè dì mú. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó rí.

"Bí ó bá pé," ni ó wí, "tẹ òǹtẹ̀."

Ó sáré jáde sí títì, ó na ọwọ́ sí ọ̀kadà kan. Ọlọ́kadà náà, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó wọ fìlà òtútù, dúró.

"Ilé-iṣẹ́ àdín. Kíá, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gùn ún. Ọlọ́kadà náà ń tẹ iná, kò lọ. Ó ń wo iwájú, ó ń fi ìka lu ọwọ́ ọ̀kadà.

"Ànítí," ni ó wí, "ẹ gùn ún ká máa lọ."

"Mo ti gùn ún."

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ó wo ojú Fọlákẹ́, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wà lórí irin, ó sì tẹ̀ wo táyà ẹ̀yìn, tó dúró roboto bí ìgbà tí kò bá sí èrò lẹ́yìn. Ó yí padà síwájú. Ó rọra wa ọ̀kadà náà lọ.

"Ẹ dì mí mú dáadáa o, Ànítí," ni ó wí jẹ́jẹ́. "Atẹ́gùn wà lójú ọ̀nà."